Ọwọ́ Yésúfù, Ojú Fáyẹ́misí

Ilé mi ní Igolo, ní ilẹ̀ Benin, ni Fáyẹ́misí dé sí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó wá kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni láti fi ọwọ́ ya lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bí wọ́n ṣe kọ wọ́n sára àwọn ìsọ̀ wa. Ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ kó o sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún kan gbáko tún nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku márùn-ún.

Ọ̀dà ni mò ń tà, mo mọ ohun tí àwọ̀ pupa lè náni. Mo kìlọ̀ fún un. Kò gbọ́. Ó ń fi ẹfun pupa ṣe àgbélébùú kékeré sókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà lára ògiri, kó lè wọn gíga rẹ̀. Àgbélébùú pupa! Ohun tí ìjọba ń kọ sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó nìyẹn.

Yésúfù káfíńtà, tí katapílà wó ìsọ̀ rẹ̀ léṣìí, ló kọ́kọ́ rí i.

"Wọ́n tún ti dé o! Obìnrin ni wọ́n rán lọ́tẹ̀ yìí!"

"Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ni mò ń yà…"

Ìgbátí ló fi dá a lóhùn. Kí n tó sáré débẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ti bò ó. Wọ́n fi bẹ́líìtì nà án, wọ́n ta á nípàá ní ìhà, ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ ń kán sórí ìwé àwòrán tó dì mọ́yà. Yésúfù fi gìgísẹ̀ tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Mo gbọ́ ọ: kà! kà! Ìka méjì.

Mo la agolo ọ̀dà mọ́ Yésúfù lẹ́yìn. Odidi agolo ló dànù, n kò ka ìyẹn sí àdánù. "Ẹ ṣí ìwé náà wò, ẹ̀yin ẹran!"

Wọ́n ṣí i. A, B, C. Àwọn ọlọ́kadà de bẹ́líìtì wọn padà.

"Káfíńtà," mo ní, "ìwọ tí ò ń sàmì sára pákó lójoojúmọ́! O ò mọ àmì ìwọ̀n, quoi?"

Lọ́dọ̀ olórí àdúgbò, Yésúfù dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á sanwó ìtọ́jú. Mo ní kò tó, owó kì í ya lẹ́tà. Ẹni tó fọ́ ọwọ́, kó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Fáyẹ́misí gbà, ó ní òun á sọ òtítọ́ fún olùkọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Yésúfù fi yà, tòun ti Fáyẹ́misí tó fi ọwọ́ òsì di rúlà mú.

"Ó tún wọ́, ẹ̀gbọ́n!" Pàá!

"Wọ́láì, ìka mi!"

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tiyín ṣì pé. Ẹ tún un yà."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Z parí. Fáyẹ́misí ní kí Yésúfù kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ àwọn márùn-ún náà. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti wú ló fi kọ ọ́. Olùkọ́ gba iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ajé, tòun ti ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sára ìwé. Àmọ́ títí di òní, ìka Fáyẹ́misí méjèèjì kì í ká.