Omi Tó Ń Gba Abẹ́ Òkúta

Ó di oṣù méjì báyìí tí bàbá mi kú. Mo fẹ́ kọ díẹ̀ sílẹ̀ nípa rẹ̀ kí n tó gbàgbé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo omi. Odò kékeré kan ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè, inú igbó ló ń gbà. Tí ẹsẹ̀ yín bá gùn díẹ̀, ẹ lè fò ó kọjá. Iléeṣẹ́ omi ri pákó kan tó ní nọ́ńbà mọ́ inú rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bàbá mi á lọ wo ibi tí omi dé lára pákó, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ọkọ Odò. Màmá mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá.

"Ṣé èmi wá ni ìyàwó kejì ni?"

Abẹ́ àpáta ni odò náà ti ń sun, lókè pátápátá. Á gba abẹ́ àwọn igi ńlá sọ̀kalẹ̀. Láàárín òkè, ilẹ̀ tẹ́jú díẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á wọ abẹ́ òkúta, ẹ ò ní rí i mọ́. Ó di ìsàlẹ̀, lábẹ́ gbòǹgbò igi kan, kó tó tún jáde, tútù nini.

Ibi òkúta yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi tó bá wà láàárín ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ sí odò. Onípákó kan fẹ́ gé àwọn igi ibẹ̀. Ó ní odò dà? Ni ọ́fíìsì igbó bá rán ọ̀gá kan wá wò ó. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló sì dé. Èmi náà tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀.

"Bàbá, níbo ni odò wà?"

"Orí rẹ̀ lẹ dúró sí, sà."

Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Òkúta ni mo dúró lé, bàbá."

"Ó wà lábẹ́."

"Ẹ má bínú o. Ohun tójú mi bá rí nìkan ni mo lè kọ."

Bàbá mi ti múra sílẹ̀. Búlúù ìfọṣọ ló mú wá. Ó ti kọ́kọ́ po díẹ̀ sínú abọ́, ó fi alákàn kan sínú rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kó lè mọ̀ bóyá ó máa pa á. Màmá mi pariwo títí: "Aṣọ ò rí búlúù lò, alákàn ló ń lò ó!" Alákàn ò kú.

Ó da búlúù síbi tí omi ti ń wọlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀, sà. Kó tó tó ìdajì wákàtí, ẹ máa rí i nísàlẹ̀."

Ìdajì wákàtí kọjá. Wákàtí kan pé. Omi mọ́ kedere. Mo wo ojú bàbá mi, ó ń họ orí. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìgbà òjò ló ti dán an wò rí, nígbà tí omi ń sáré. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń rákòrò ni.

Ọ̀gá yọ bírò.

Bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó yí òkúta kan nínú omi.

"Ẹ wo eléyìí, sà. Ọmọ lámilámi ni."

"Lámilámi tó ń fò yìí?"

"Kó tó mọ̀ ọ́n fò, inú omi ló ń gbé."

Ó yọ ewé kan tó ti lu jára bí àwọ̀n. "Kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹja á jẹ kòkòrò, ẹyẹ á jẹ ẹja. Tí igi bá lọ, ewé lọ nìyẹn. Oòrùn á wọlé, omi á gbóná, gbogbo wọn á kó ẹrù wọn."

Ó dá òkúta padà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. "Òrùlé wọn ni, sà."

Ọ̀gá bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò, ó wọnú omi. Òun náà ń yí òkúta. Alákàn kan gbá a lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ mú, ó fò sókè.

"Ó ń kí yín káàbọ̀ ni, sà," ni bàbá mi wí.

Wákàtí mẹ́ta ti fẹ́ pé. Ọ̀gá ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá òmíràn. Ló bá ní, "Bàbá, kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ mi?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Omi ló ti di búlúù.

Bàbá mi jókòó sílẹ̀.

Inú omi níbẹ̀ ni ọ̀gá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé odò ni. A padà sókè síbi òkúta, ó ń ka ìgbésẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi. Bàbá mi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn gbágbáágbá.

"Ẹ fẹ ẹsẹ̀ dáadáa, sà. Ẹ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì fẹsẹ̀. Igi mọ́kànlélógójì ló bọ́ sínú ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ náà. Onípákó bínú títí. Bàbá mi ní kó má bínú, kó wá wo ọmọ lámilámi. Kò wá.