Téèpù Tí Làbákẹ́ Fi Wọn Apá Ìyá Rẹ̀

"Àǹtí, kí ni Àǹtí Àánú sọ fún yín nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn tí ẹ fi gbà á síṣẹ́?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Haleemah nígbà tó bi Làbákẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, ní ìbéèrè yìí. Odidi oṣù kan ló fi gbé e pamọ́ sínú kó tó rí ẹnu sọ ọ́. Làbákẹ́ ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó fi òwú náà kan ahọ́n, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Lọ bá mi wò ó bóyá aṣọ orí okùn ti gbẹ."

Kò sí aṣọ kankan lórí okùn. Haleemah jáde lọ dúró sídìí okùn tó ṣófo náà, kò sì tún béèrè mọ́.

Aránṣọ ni Làbákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí ọjà Òjúwòyè ní Muṣin, kò jìnnà sílé. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé yàrá iwájú. Najeem ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kun ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ń gbé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú Haleemah, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí kó tó kú. Bí èèyàn bá gbé aṣọ wá fún Làbákẹ́, ìbáà jẹ́ oníbàárà ọdún mẹ́wàá, yóò fa téèpù yọ lọ́rùn, yóò wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. "Ojú máa ń purọ́," ló máa ń wí. "Ẹni tí ò ń rí lójoojúmọ́ gan-an ni ojú á fi tàn ọ́ jẹ."

Ìyá rẹ̀ ti ta bọ́tìnnì àti síìpù ní Tejúoṣó fún ogún ọdún. Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ ni kẹ́tùlù bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Haleemah máa fi yọjú, omi ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù, wọ́n gbé e padà wálé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi ná ọjà láyé, ẹyọ kan ló kù.

"Màmá, ṣé ebi ń pa yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àbí ẹ ti yó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ibì kan ń dùn yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Èyí ló kọ́kọ́ ba Làbákẹ́ lẹ́rù. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá, ọwọ́ ta ni èèyàn fẹ́ fi í sí? Bẹ́ẹ̀ ni kò lè ti ṣọ́ọ̀bù pa, nítorí ọwọ́ Najeem nìkan kò lè gbé ilé. Ó di dandan kó wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Obìnrin kan ní mọ́ṣáláṣí ló mú Ameenah wá. Ameenah kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì dìde tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá àgbà. Ó pe Àjọkẹ́, oríkì rẹ̀. Ó ki ìdílé rẹ̀, ó ki Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Omi dà lójú ìyá àgbà. Làbákẹ́ náà bú sẹ́kún.

"Ọmọ ilé wa ni!" ni Najeem wí. "Kí la tún ń wá?"

Wọn kò béèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Wọn kò ní kó fi bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn jókòó hàn wọ́n. Ta ni yóò tún máa da ìbéèrè bo ẹni tó mọ oríkì ìdílé ẹni bí ẹni mowó?

Ní oṣù kejì tí Ameenah dé, Haleemah ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì gbọ́ ikọ́ kan tí kò jọ ikọ́. Ó yọjú. Ìyá àgbà wà ní ìdùbúlẹ̀ gbalaja, Ameenah ń da ògì sí i lẹ́nu, ojú òun fúnra rẹ̀ sì wà lára fóònù. Ojú ìyá àgbà yọ bí ojú ẹni tó ń rì sódò. Nígbà tí ikọ́ náà kò dáwọ́ dúró, Ameenah gbé abọ́ kúrò, ó da ògì tó kù sí ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì bu mọ́ínmọ́ín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ. Ìgbà náà ló rí ọmọ náà.

"Halí," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ọmọ dáadáa kì í ṣòfófó, àbí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o mọ̀ pé tí mo bá lọ, kò sẹ́ni tó máa tọ́jú màmá? Wọ́n á kàn kú ni."

Haleemah kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí tíṣà bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ikọ́ yẹn ló ń gbọ́. Bí agogo bá lù pé kí wọ́n máa lọ sílé, á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò mọ ohun tí yóò bá nílé.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, Làbákẹ́ ra àǹkárá aláwọ̀ aró, ó fẹ́ rán bùbá tuntun fún ìyá rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé ìyá rẹ̀, ó fi téèpù yí apá rẹ̀ ká. Íǹṣì mẹ́tàlá ló wà nínú ìwé. Téèpù ní mẹ́wàá. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́wàá. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

"Màmá, ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àbí wọn kì í fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àìsàn ni, Àǹtí," Ameenah dá sí i láti ìdí wíńdò. "Bó ṣe máa ń fa èèyàn gbẹ nìyẹn."

Haleemah dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ là. "Àǹtí Ameenah ló ń jẹ oúnjẹ màmá, Àǹtí. Wọ́n sì máa ń da ògì sí màmá lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀. Mo rí wọn."

Ameenah lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kúnlẹ̀.

Ẹ̀rù tó wá bá Làbákẹ́ lẹ́yìn náà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Òun tó ń wọn gbogbo ayé kò wọn ẹni tó fi ìyá rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọdún ń sún mọ́lé, aṣọ àwọn oníbàárà wà ní gígé, kò sí èyí tó parí. Obìnrin kan kígbe láti ojú títì pé, "Àǹtí Làbákẹ́, ṣé ìhòòhò ni kí n wọ̀ lọ sí yídì ni?" Làbákẹ́ kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ti lẹ ọwọ́ bùbá méjì mọ́ra ní òdìkejì, ó tún tú wọn.

Iléeṣẹ́ kan ní Sùúrùlérè tó ń rán olùtọ́jú sílé rán obìnrin mẹ́ta sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wọn fọwọ́ gbá àyà, ó ní, "Ẹ kàn fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, mà." Làbákẹ́ ṣe bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sìn ín sọ́nà.

"Làbákẹ́, èèyàn lò ń wá ni àbí màlékà?" ni Najeem béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ ní ọmọ ilé wa ni."

Najeem gbé fìlà rẹ̀, ó bọ́ síta.

Ní ọjọ́bọ̀, Àánúolúwapọ̀, ẹni kẹrin tí iléeṣẹ́ náà rán, dé. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ṣòkòtò ló wọ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ó sì lọ taàrà sídìí bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbé yín jókòó?" Ó gba ìrọ̀rí méjì, ó gbé ìyá àgbà jókòó dáadáa, ó gba ṣíbí àti omi díẹ̀. Ó fún un ní ẹ̀kán omi kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu, ó sì ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ìyá àgbà húkọ́. Àwọ̀ ojú ọmọbìnrin náà yí padà.

"Haleemah, lọ bu omi sí i wá," ni Làbákẹ́ wí, ó sì fa kọ́tìnì.

Nígbà tí ọmọ náà padà dé, Làbákẹ́ ń fi etí ìró nu ojú. "Kí o bẹ̀rẹ̀ lọ́la," ló ń wí fún Àánúolúwapọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Najeem fọwọ́ sórí. "Orí ìdúró ló ti kí mi! Ṣé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò máa bu omi àlùwàlá fún ìyá mi?"

"Ó ti ní kí n kọ́ òun, Ẹ̀gbọ́n. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó béèrè bí màmá ṣe máa yọ ẹnu láìgbé omi mì. Ṣé ẹ̀yin rò ó rí?"

Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni Làbákẹ́ ń wọn apá ìyá rẹ̀, Àánúolúwapọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé apá náà dúró. Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, á sáré wálé láìròtẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sì sí ìgbà tí àyà rẹ̀ kì í já kó tó ṣílẹ̀kùn. Haleemah náà kì í wọlé kó tó kọ́kọ́ dúró fetí sílẹ̀. Mẹ́wàá. Mẹ́wàá àbọ̀. Mọ́kànlá. Nígbà tó di mọ́kànlá ni Haleemah béèrè ìbéèrè rẹ̀, tí wọ́n rán an lọ sídìí okùn.

Ìyá àgbà lo ọdún mẹ́rin sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó jáde láyé, Làbákẹ́ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, Àánúolúwapọ̀ sì fi àyà ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà dùbúlẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Làbákẹ́ àti Haleemah, tó ti wà ní kíláàsì àṣekágbá báyìí, ń ká aṣọ olóògbé sínú àpótí. Ìwé aláwọ̀ ewé náà jábọ́ láàárín wọn. Làbákẹ́ ṣí i, ó fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà náà sísàlẹ̀, Jímọ̀ sí Jímọ̀.

"O bi mí ní nǹkan kan rí," ó wí.

Haleemah fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Mi ò lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ká ní ó dé etí bàbá ẹ, ì bá ti lé e jáde." Ó pa ìwé náà dé. "Àánú ní ẹ̀rù ń ba òun. Gbogbo àwọn tó ti wá ni wọ́n ní kí n má bẹ̀rù. Òun wo ọ̀fun ìyá mi, ó ní, 'Àǹtí, ẹ̀rù ìtọ́jú màmá yìí ń bà mí o. Tí ẹ bá máa gbà mí, àfi kí ẹ máa ṣọ́ mi.'"