Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Bá Télọ̀ Mu

Ohun tí Bàbá Téèpù kórìíra jù láyé ni aṣọ tí wọ́n rán sílẹ̀ tí wọ́n lẹ nọ́mbà mọ́. Télọ̀ ni, téèpù kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà máa jẹun, ì báà máa jà. Bí oníbàárà bá ní, "Nọ́mbà mi rèé, ẹ máa gé e lọ," á wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Nọ́mbà kì í ṣe ara. Ẹni méjì lè wọ nọ́mbà kan náà, kí ọ̀kan gùn láyà, kí èkejì gùn lẹ́sẹ̀. Aṣọ là ń gé mọ́ èèyàn, a kì í gé èèyàn mọ́ aṣọ."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn débi pé ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá lọ ra kẹ̀kẹ́ láìwọn nǹkan kan.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje ló kó bá a. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ba mọ́lẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bí ológbò tó rí eku. Aṣíwájú wọn ni ọkùnrin kan tó gùn láyà, tó gùn lápá, tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọọ́lò. Ní ti Bàbá Téèpù, ẹsẹ̀ ló kó gbogbo gíga rẹ̀ lọ. Láti ìbàdí sókè, kò ju ọmọ iléèwé lọ.

"Irú ti Agùntáṣọọ́lò gan-an ni kí o fún mi," ló wí fún ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́.

"Ẹ gun eléyìí wò ná, bàbá. Nọ́mbà kan náà ni wọ́n, àmọ́ iwájú èyí ga, ọwọ́ rẹ̀ ò sì jìnnà sí ìjókòó."

"Ti arúgbó nìyẹn."

Ọlọ́jà mọ ẹni tó ti pinnu. "Kò burú. Ara yín á mọ́ ọn."

Ara kò mọ́ ọn. Kó tó lè di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, àfi kó nà tàntàn bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọrùn ro ó, ẹ̀yìn ro ó. Ó ra tìmùtìmù sórí ìjókòó, ó ra ìbọ̀wọ́, ó fa ìjókòó síwájú títí orúnkún náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yìn yín ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́."

Àmọ́ nígbà tó di pé ọwọ́ ló ń gbé gbogbo ara, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Abẹ́rẹ́ á bọ́, kò ní mọ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi, torí kí ni télọ̀ fẹ́ fi jẹun bí kò bá sí ìka? Síbẹ̀ kò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ tí tíṣà àgbà kan wá gba kóòtù rẹ̀, apá ọ̀tún jókòó dáadáa, ti òsì wọ́ kọjá àtàǹpàkò.

"Télọ̀, apá yìí mà gùn."

Bàbá Téèpù húkọ́. "Ara yín á mọ́ ọn."

Tíṣà wo apá òsì rẹ̀, bí ẹni tó ń retí kó gùn sí i. Ìyàwó, tó ń rán bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, dáwọ́ dúró. Ó dìde, ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí.

"Ẹ nà tọ́, bàbá àwọn ọmọ."

Ó wọn àyà rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀, ó jáde lọ wọn kẹ̀kẹ́ láti ìjókòó dé ọwọ́, ó sì padà wọlé.

"Bí oníbàárà bá gbé irú ara yìí wá, tó ní kí ẹ bá òun gé kóòtù Agùntáṣọọ́lò, kí lẹ máa wí?"

Bàbá Téèpù gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ tó kọ sára ògiri pàdé.

"Mi ò ní gé e," ló wí nígbẹ̀yìn.

Kẹ̀kẹ́ tó pè ní ti arúgbó ló ń gùn báyìí, ó nà ró lórí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì, àwọn tó ń sáré ìje sì ń yà á sílẹ̀ láràárọ̀. Ó ní ilẹ̀ nìkan làwọn yẹn ń rí.

Kò tètè tú kóòtù tíṣà. Ó ní kí tíṣà fún òun láyè díẹ̀, ó ń dúró kí ìka rẹ̀ kọ́kọ́ jí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó jókòó tì í, ìyàwó gbọ́ tó kígbe.

"Kí ló dé?"

"Abẹ́rẹ́ gún mi ni," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ipò kìíní.