Púlọ́ńbà Tí Kì Í Jẹun Kérésìmesì Tán

Ọdún kọkànlélógójì rèé tí Eilert Myrvang ti ń ṣe púlọ́ńbà ní Hellvika, ìlú wa etíkun yìí. Ọdún kọkànlélógójì náà sì ni Ragnfrid ìyàwó rẹ̀ ti ń dá jẹ oúnjẹ Kérésìmesì tán. Ẹ má torí ìyẹn pè é ní ọkùnrin burúkú o. Kì í mutí, kì í pariwo nílé, kò sì fojú wo obìnrin mìíràn rí. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, àwa ará ìlú la fà á.

Kò sí ilé tí wọn kì í ti í sun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tawọtawọ lọ́jọ́ tí ọdún ku ọ̀la. Ọ̀rá tó ń yọ́ jáde lára ẹran yẹn, ó tó fi wẹ̀. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kálukú á da tirẹ̀ sínú síǹkì, á da omi gbígbóná àti ọṣẹ lé e, á ní ó ti lọ. Ó lọ síbo? Kò ju abẹ́ ilé lọ, níbi tí òtútù ti ń dúró dè é, tí yóò sì dì gbagidi bí àbẹ́là. Kí ọ̀dùnkún tó dénú àwo, omi ìdọ̀tí ti ń ru bọ̀ láti inú síǹkì. Ìgbà yẹn la ó wá figbe ta lórí fóònù: “Eilert, jọ̀ọ́, gbà mí, àlejò kún ilé mi!” Eilert á ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀, á fẹnu ko Ragnfrid níwájú orí, á ní, “Mò ń bọ̀ báyìí.” Irọ́ funfun báláú! Kó tó dé, àbẹ́là orí tábìlì á ti jó tán.

Lọ́dún tó kọjá, ilé mẹ́ta ló dé. Nígbà tó padà, Ragnfrid ti palẹ̀ àwo mọ́. Kò pariwo rárá.

“Eilert, mi ò bínú mọ́,” ló wí. “Ó kàn rẹ̀ mí ni. Bó o bá tún dìde nídìí tábìlì yìí lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ Åsta àbúrò mi ni n ó ti máa ṣọdún títí n ó fi kú. Åsta máa ń jókòó, ó kéré tán.”

Ká ní ó jágbe mọ́ ọn ni, ọkàn Eilert ì bá balẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló bà á lẹ́rù. Ó mọ̀ pé Ragnfrid kì í sọ ohun tí kò ní í ṣe.

Bó ṣe di pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú Kérésìmesì ọdún yìí ló ti di páálí mílíìkì tó ṣófo jọ sórí ọkọ̀ yìnyín rẹ̀ tí kò ní táyà nìyẹn, tó ń fi ẹsẹ̀ tì í kiri lórí yìnyín láti ojúlé dé ojúlé. Ilé Magnhild ló kọ́kọ́ yà sí, opó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

“Ta nìyẹn? Háà, ọmọ Peder púlọ́ńbà! Síǹkì mi ò mà tíì dí o. Kí ló gbé ẹ wá?”

“Kó má baà dí ni mo ṣe wá, Ìyá.” Ó na páálí kan sí i. “Inú èyí ni kẹ́ ẹ da ọ̀rá sí. Bó bá ti dì, ẹ jù ú sídọ̀tí. Kẹ́ ẹ sì fi bébà nu páànù dáadáa kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́.”

“Gbọ́ ọ! Inú síǹkì ni ìyá mi ń dà á sí. Ibẹ̀ náà ni ìyá ìyá mi dà á sí.”

“Ìyá ìyá yín ò ní síǹkì. Ẹ̀yìnkùlé ló ń dà á sí, ajá ló ń lá a.”

Magnhild rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Eilert ti wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀ sídìí síǹkì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀. “Bí òtútù bá mú gan-an, ẹ fi ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀ gbayawu kí ooru ilé lè dé ara páìpù. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kómi máa ṣàn tín-ín-rín bí òwú. Omi tó bá ń rìn kì í tètè dì.”

“O ti wá di oníwàásù nìyẹn?”

“Ragnfrid ló fẹ́ fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, Ìyá. Ó ní òun fẹ́ ká jọ jẹun tán, lẹ́ẹ̀kan péré.”

Magnhild ò rẹ́rìn-ín mọ́. Opó ni, ó mọ bí àga òdìkejì ṣe ń rí bó bá ṣófo. “Fi méjì sílẹ̀,” ló wí. “N ó fún aládùúgbò mi. Bó bá dá a láṣà pé òun ò gbà, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ̀ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ di àwàdà káàkiri ìlú. Wọ́n ń pe Eilert ní Pásítọ̀ Ọ̀rá. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò, ó mú wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilé, ó fi ẹnu páìpù tí omi ń gbà wọlé hàn wọ́n: “Ẹ tì í pa kẹ́ ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má pa iná tó ń mú ilé móoru o, ẹ kàn dín in kù. Bẹ́ ẹ bá pa á pátápátá, ẹ ó bá yìnyín nínú pálọ̀ yín.” Gbogbo ẹni tó bá bá sọ̀rọ̀ ló ń kìlọ̀ fún pé ẹni tó bá pe òun lọ́jọ́ náà, olúwarẹ̀ ni yóò bá òun lọ bẹ Ragnfrid.

Ọjọ́ pé. Agogo lù. Eilert wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì pupa, ó jókòó. Ragnfrid gbé ìhà ẹlẹ́dẹ̀ kalẹ̀, awọ rẹ̀ ń dún wàràwàrà lẹ́nu ọ̀bẹ. Ọ̀dùnkún wà níbẹ̀, kábéèjì kíkan wà níbẹ̀, àbẹ́là méjì ń jó. Fóònù wà lójú fèrèsé. Kò dún.

Wọ́n jẹun díẹ̀. Ragnfrid ń sọ̀rọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn kọ́kọ́ pàdé, bí òjò ṣe pa wọ́n lórí omi, tí Eilert fi fìlà rẹ̀ ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀. “Hẹn,” ni Eilert ń wí, “hẹn,” ojú rẹ̀ sì wà lójú fèrèsé. Ó dìde, ó lọ yẹ fóònù wò.

“Ṣé ó kú ni?” Ragnfrid bi í.

“Ó wà láàyè.” Ó padà jókòó. Ó ń fi fọ́ọ̀kì ti ọ̀dùnkún kiri nínú àwo. “Ó jọ pé wọ́n gbọ́ sí mi lẹ́nu.”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn, Eilert.”

Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn. Kò dùn. Ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Ragnfrid ti gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ń wò ó, omi sì ti lé ròrò sójú rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, fóònù lobìnrin yìí ń bá jà, àwa ará ìlú ló ń dì sínú.

“Ìwọ lò ń retí ẹ̀,” ló wí. “Kì í ṣe pé wọ́n ń pè ọ́ nìkan. O fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ni. Ṣé jíjókòó tì mí ló nira tó báyẹn?”

Òótọ́ ni, Eilert náà sì mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Kì í ṣe ìwọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ragnfrid. Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ni. Bàbá mi náà ò jókòó rí. Bí mi ò bá ti máa tún nǹkan ṣe, mi ò mọ ohun tí mo wúlò fún.”

Ragnfrid fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ. Eilert rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó rò pé Åsta ló fẹ́ lọ pè. Ó bá gbọ́ tí nǹkan ń dà ṣọ̀ọ̀, ó gbọ́ omi, lẹ́yìn náà ló gbọ́ gbùrù-gbùrù kan tí etí rẹ̀ kò lè ṣì mọ̀ láé.

“Ragnfrid! Kí lò ń dà?”

“Ọ̀rá.”

“Sínú páálí?”

“Sínú síǹkì. Omi tútù ni mo sì fi lé e, kó lè tètè dì.”

Ó yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá púlọ́ńbà,” ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí, “síǹkì mi ti dí. Mo mọ̀ pé ọdún là ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó.”

“Orí ẹ dàrú!”

“Bó o bá gbọ́dọ̀ dìde, ọkọ mi, dìde fún tèmi.”

Eilert rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Ó gbé àpótí irinṣẹ́, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun dọ̀bálẹ̀, ó yíra padà, ó korí sábẹ́ síǹkì. Ragnfrid gbé àwo méjèèjì wá, ó gbé àbẹ́là kan, ó sì rọra fi ìbàdí tó ń dùn ún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Lanu.” Ó fi ẹran sí i lẹ́nu. “Kí ni wọ́n ń pe ibi tó tẹ̀ kọdọrọ yìí?”

Kò béèrè irú ẹ̀ rí. Eilert ṣàlàyé fún un, ó ṣàlàyé jù, ó ń sọ̀rọ̀ ó ń jẹ awọ ẹran wàràwàrà, Ragnfrid ń gbé korobá fún un, ó ń tan iná sí i lọ́wọ́.

“Má bínú sí mi,” ni Eilert wí lábẹ́ síǹkì. “Gbogbo ọdún yẹn. Má bínú.”

“Jẹ ọ̀dùnkún rẹ kó tó tutù.”

Kò pẹ́ tí ọ̀rá náà já, tí omi fi lọ wìì. Iṣẹ́ tán. Ṣùgbọ́n Eilert ò jáde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi sípánà kan páìpù kọ́-kọ́ lóòrèkóòrè.

Ragnfrid ti gbọ́ nígbà tómi lọ. Ìyàwó púlọ́ńbà ni.

“Ó ṣì ku díẹ̀, àbí?” ló bi í.

“Ó ku díẹ̀.”

Ragnfrid fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀dùnkún mìíràn, ó ní kó lanu.