A Kì í Bi Ọdẹ Pé Níbo Ló Ń Lọ

Owó tí mo fi ra gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù kan ní Alief, ní Houston níbí, lówùúrọ̀ yìí, láyé ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ní àríwá Amẹ́ríkà, ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ra epo tó máa kún tánkì alùpùpù orí sínóò, èyí tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín. Òórùn epo náà lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì rántí Láyí.

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé ilé ìyá arúgbó òyìnbó kan: èmi, Músílíù, àti Láyí, ọmọ ọdẹ. Láyí ló ra alùpùpù náà ní àlòkù, ohun pupa kan tó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra, tó sì máa ń sáré bí ewúrẹ́ tó jí iṣu. Gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ òfin rẹ̀: má ṣe dá jáde, mú okùn, ìṣáná àti aṣọ gbígbẹ dání, bí ojú ọjọ́ bá ti móoru, má gun orí adágún, torí yìnyín tó bò ó lè là. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, sọ ibi tí o ń lọ fún ará ilé.

Lọ́sàn-án Sátidé kan tí sínóò ń yọ́, tí omi ń kán láti orí òrùlé, tí èmi àti Músílíù ń kàwé ìdánwò, Láyí di ẹrù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù.

"Ọmọ ọdẹ, níbo?" Músílíù ló béèrè.

"A kì í bi ọdẹ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ẹran á sá."

"Ẹran wo? Ìwọ tí ajá ìyá onílé ń lé kiri."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá onílé bi wá pé ọ̀nà wo ló gbà. A wo ojú ara wa. Adágún pọ̀ lágbègbè náà bí ihò eku. Àwọn ará àdúgbò tó jáde láti wá a kọ́kọ́ gba ọ̀nà jíjìn, torí a sọ fún wọn pé ọdẹ kì í dẹ ẹ̀yìnkùlé. Adágún tó sún mọ́ ilé jù ni wọ́n wò kẹ́yìn. Yìnyín ti là níbẹ̀. Láyí ti jáde nínú omi, ó jókòó ti igi kan. Òtútù ló pa á. Ìṣáná àti aṣọ gbígbẹ rẹ̀ ti bá alùpùpù rì.

Láti ìgbà náà, Músílíù kì í jáde kó má pè mí, kódà bó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Fondren, nínú Houston níbí, ló ń lọ.

Àná ni ọmọ ọmọ mi obìnrin kúrò ní Houston, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti lọ gun alùpùpù orí sínóò ní Colorado. Mo ní kó fi ìṣáná sápò ara rẹ̀, kì í ṣe sínú ẹrù. Mo bi í pé ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà.

"Gráńpà, ẹ má wọ́rì. Ibi tó bá wù wá la máa lọ."

Ìyá onílé ti lọ. Láyí ti lọ. Músílíù ṣì wà ní Clear Lake, lápá kejì Houston. Èmi náà wà níbí, fóònù wà lórí itan mi, kò tíì dún láti àárọ̀.