Ìmọ́lẹ̀ Tó Pẹ́ Dé sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì l'Ádó-Èkìtì, inú mi ò bàjẹ́ rí bíi ti àárọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bọ̀ wá gbé awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀. Àdéhùn kan ló fi yá wa: tí a bá fi wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré tó, tí ìdáhùn wa sì sún mọ́ ti inú ìwé, awò di tiwa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ kan n'Ìkẹ́rẹ́ ló ń lọ.

Òṣùpá kan ń yí Júpítà po, ó sì máa ń wọ inú òjìji rẹ̀ ní àsìkò tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ayé wa bá ti ń jìnnà sí Júpítà, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ a gùn sí i, a ó sì rí i bíi pé òṣùpá náà pẹ́ kó tó wọlé. Ìpẹ́ yẹn la fi ń mọ eré ìmọ́lẹ̀, tí kì í yí padà níbikíbi lófuurufú tó ṣófo. A wò ó ní táàmù tó kọjá nígbà tí Júpítà wà nítòsí, a tún wò ó ní táàmù yìí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Aago ògiri yàrá olùkọ́ ni mo ní ká lò nígbà méjèèjì, kí aago méjì má baà dá ìjà sílẹ̀.

Ìṣirò jáde, eré ìmọ́lẹ̀ kò ju ìdajì ti inú ìwé lọ. Ọ̀gbẹ́ni Fálàná, olùkọ́ ìṣirò, tún un ṣe, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Àǹtí, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ta ló rẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn awò yẹn gan-an.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé. Màmá Adélúsì, igbákejì ọ̀gá wa, tí kì í fi ojúure wo apẹ́lẹ́yìn, na ìka sí aago ògiri.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, sà. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ fóònù. "Mà, mo tiẹ̀ tètè dé ni."

Mo wo fóònù, mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni aago fi ṣáájú.

"Mà, ta ló sún aago yìí?"

"Èmi ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí. Bí mi ò bá sún un, ta ni ìbá bá mi níbi àdúrà àárọ̀?"

Kò tijú rárá. Àwa tí à ń sáré wọlé sì ti rò pé àwa la pẹ́. Bí a ṣe ka ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn apẹ́lẹ́yìn nìyẹn. Mo ní kí Fálàná yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò nínú ìgbà kejì, ó tún ìṣirò ṣe lójú ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìdáhùn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti inú ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n máa gbé awò mi lọ sí lábù. Èmi náà sunkún díẹ̀.

Màmá Adélúsì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí àwa olùkọ́.

"Ṣé ẹ gbọ́? Láti Júpítà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, kò sì pẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Bàsírì nínú Adó níbí bọ̀ ńkọ́?"