Ẹni Tó Bá A Wọlé

Láàárín àwọn ọdún 1990, mo jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nímọ̀ràn nípa ìlera, ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ láìtijú. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì sọ ohun tí èmi ò lè sọ fún ọkọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọmọkùnrin kan wọlé. Ó kọ́kọ́ fa àga kejì jáde, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó, kí òun náà tó jókòó.

"Ṣé o ń retí ẹnì kan ni?"

"Rárá, mà. A ti pé."

Mo wo àga kejì, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun àti ọ̀rẹ́bìnrin òun ṣe máa ń ṣe, ìgbà tí wọ́n lo rọ́bà àti ìgbà tí wọn ò lò ó. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ṣùgbọ́n á máa yíjú sí àga kejì, á dákẹ́, á wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

"Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni, mà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́bìnrin mi náà ni. Ó kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣe ló ń rù títí ẹ̀mí fi bọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń bá mi rìn."

N ò lè wo àga yẹn. Mo bi í bóyá ó ti ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ.

Nígbà tí èsì dé, tí mo sọ fún un pé kò sí kòkòrò éèdì lára rẹ̀, kò yọ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Mà, ó sọ àìsàn rẹ̀ fún mi kó tó kú. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n rò pé ìyàwó bàbá rẹ̀ ló pa á. Wọ́n ti lé obìnrin náà jáde. Ojoojúmọ́ ni ọ̀rẹ́bìnrin mi ń sọ pé kí n lọ sọ òótọ́."

Ní ọjọ́ Sátidé, a jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá náà dìde, ó wé gèlè rẹ̀, ó ní òun ń lọ pe orogún òun wálé.